Ìyá Tí A Sin Sí Ilé Onílé

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń dàgbà, kí ó wá wo Olúwajùwọ́nlọ. Kì í ṣe olè. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Kò gba ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ó kàn dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀ ni, ìdákẹ́ náà sì gbẹ́ ilẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wà ní àdúgbò tiyín náà.

Ní ìpẹ̀kun Ìkìrun, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìnísà, ilé pọ̀ ju ènìyàn lọ. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Wọ́n á fowó ránṣẹ́, bíríkìlà á mọ ọ́n dé òkè fèrèsé, owó á tán, koríko á gba ibẹ̀. Ilé wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó sùn nínú rẹ̀ rí, àfi alángbá. Bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀yìn ojú irin tí kò jìnnà síbẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ ń há sínú yàrá kan, àwọn ará ilé mẹ́rin-márùn-ún sì ń du ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀.

Inú ọ̀kan lára àwọn ilé tí kò tíì parí yẹn ni Jùwọ́n ń gbé. Ó ti kàwé gboyè ní yunifásítì, ó ti ṣe agúnbánirọ̀, iṣẹ́ kò sí. Ó wá ń ru búlọ́ọ̀kù. Níbi tí ó ti ń ru búlọ́ọ̀kù ni ó ti pàdé Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ Òkukù kan tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Èkó, tí ó ń kọ́ ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé o jáde yunifásítì?" Moyọ̀sọ́rẹ bi í lọ́jọ́ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ìwọ lo wá ń ru búlọ́ọ̀kù? Ó yẹ kí ojú ti àwọn tó ń ṣèjọba." Ó wo ilé náà, ó wo Jùwọ́n. "Yàrá ẹ̀yìn yẹn ti ní páànù lórí. Máa gbé ibẹ̀. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣáà máa ro koríko, má sì jẹ́ kí wọ́n jí ilẹ̀kùn mi lọ."

Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀.

Kò pẹ́ tí onílé ìyá rẹ̀ ní Ìnísà fi ká páànù lórí ìyá náà nínú òjò. Ó rí ẹni tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ, Àjíkẹ́, ìyá Jùwọ́n tó jẹ́ opó, kò sì tètè jáde fún un. Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń wò ó bí omi ṣe ń dà sórí ibùsùn rẹ̀. "Ẹ kú ìyà o," ni wọ́n ń wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún onílé pé ohun tó ń ṣe burú.

Nígbà tí Jùwọ́n pe Moyọ̀sọ́rẹ lórí fóònù, kò tíì rojọ́ tán tí obìnrin náà fi dá a lóhùn. "Mú wọn wá síbẹ̀. Ṣé inú òjò la ó fi ìyá ẹni sí ni?"

Bí Àjíkẹ́ ṣe dé Ìkìrun nìyẹn. Bí ìbínú ṣe wọ Jùwọ́n lára nìyẹn pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ayálégbé ẹ̀yìn ojú irin jọ. Onílé tiwọn náà ń halẹ̀ pé òun yóò ká páànù. Jùwọ́n lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó di agbẹnusọ wọn. Ẹniọlá, aránṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi gbogbo. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ tí o kò ní fìlà, ìwọ lò ń bá onífìlà jà."

Ọjọ́ tí irọ́ náà wọlé, Jùwọ́n ń ro koríko lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà tí ìyá rẹ̀ ń bá ṣe ẹgbẹ́ ní Ìnísà wá kí i. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n wo ilé náà sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀.

"Ìyá Jùwọ́n, yàrá mélòó nìyí? Ta ló nilé?"

Àjíkẹ́ wo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ta ni ìbá tún ni ín? Jùwọ́n náà ni."

"Yéè! Ọmọ yìí? Tí kò tíì gbéyàwó!"

"Ẹ rọra, ayé ń gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí ayé gbọ́! Ẹni tí wọ́n ká páànù lórí rẹ̀ lánàá ló di ìyá onílé lónìí!" Wọ́n bú sórin.

Jùwọ́n nàró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ló fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ lára obìnrin náà. Ó tẹ̀ba, ó ń roko rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àlejò lọ, ó bi í léèrè. "Màmi, kí lẹ sọ fún wọn yẹn?"

"Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀."

"Bí Àǹtí bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún un? Láti ọjọ́ òjò yẹn, àánú ni wọ́n fi ń kí mi ní Ìnísà. Bí mo bá ń lọ, wọ́n á máa mi orí tẹ̀ lé mi. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ kí mi lẹ́ẹ̀kan, kí n tó kú."

Jùwọ́n gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sídìí koríko.

Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, irọ́ náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé agbo ilé wọn ní Ìnísà. Oyèdélé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pè é lórí fóònù. "Onílé wa!" ni bàbá náà kọ́kọ́ wí. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Jùwọ́n mọ́. Onílé wa níhìn-ín, Onílé wa lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé ẹbí, wọn a máa gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà. Jùwọ́n á jókòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí ń ta á. Nígbà tí ó yá, àga náà bá a mu.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò sí ẹni tó gbé àga fún un rí ni kó wá sọ bí yóò ṣe dìde.

Àìsàn Àjíkẹ́ kò pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, apá kan ara rẹ̀ sì kú. Ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kan.

"Bí mo bá lọ, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí itẹ́ òkú."

"Ẹ̀yin kò níí lọ, Màmi."

"Gbọ́ ohun tí mò ń wí. Má sì jẹ́ kí wọ́n gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé, ilé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Bí wọ́n bá gbé mi padà, wọ́n á béèrè pé ilé náà dà? Ojú á tì mí nínú pósí."

"Màmi, a ò nílé."

Obìnrin náà dijú. "Mo mọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀."

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ògì tí Jùwọ́n ń ro fún un ṣì wà lórí iná.

Oyèdélé kó ẹbí wá láti Ìnísà kí oòrùn tó mú. Àwọn géńdé ẹbí gbé ṣọ́bìrì àti dígà lọ́wọ́. Wọ́n sunkún tán, wọ́n nu ojú, bàbá náà sì yíjú sí Jùwọ́n.

"Onílé wa, níbo la ó gbẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni. Bí Jùwọ́n bá ń sùn títí di òní, tó bá ta jí, ibí yìí ni ọkàn rẹ̀ ń padà sí.

"Bàbá," ó wí, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Tí ọ̀rọ̀ ìnáwó bá ni, má da ara rẹ láàmú. Ẹbí á gbé e. Ìwọ ṣáà fi ibi tí o fẹ́ hàn wá."

"Kì í ṣe tìnáwó…"

"Kí wá ni? Ṣé o kò fẹ́ kí ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ ni?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Àwọn obìnrin ìjọ náà wà níbẹ̀ nínú sùtánà funfun, àwọn tí wọ́n kọrin ìyá onílé lọ́jọ́sí. Jùwọ́n wo ògiri ilé náà. Ó rántí Moyọ̀sọ́rẹ. Ìgbà wo ló ti wá síbí kẹ́yìn? Ó pẹ́. Olówó ni. Ẹni tó bá lè kọ́ ilé kalẹ̀ kó má gbé inú rẹ̀, olówó ni. Kí ni ilẹ̀ kótópó kan jẹ́ nínú ohun tí ó ní? Àwọn tó ní kò ha ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn tí kò ní láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Bí òtòṣì bá wá gba ìwọ̀nba tí ó lè sùn sí, ṣé olè nìyẹn, àbí ẹ̀tọ́?

Ọ̀rọ̀ ńlá ńlá tí ó máa ń sọ lórí rédíò ni wọ́n wá bá a, wọ́n tò yíká rẹ̀, wọ́n ń gbè é lẹ́yìn. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ìdájọ́ òdodo ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni. Ó kàn gbé aṣọ òdodo wọ̀ ni.

Ó na ìka. "Ibẹ̀ yẹn. Iwájú ilé, lápá ọ̀tún."

"Ọmọ gidi!" Oyèdélé gbá a léjìká. "Ẹ gbẹ́ ẹ!"

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ni Ẹniọlá dé láti ẹ̀yìn ojú irin. Ó mọ ẹni tó nilé. Ó fa Jùwọ́n lápá lọ sẹ́yìn ògiri.

"Jùwọ́n, ilé ta lẹ̀ ń gbẹ́ yẹn?"

"Ilé tó ń ṣófo, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ni ín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹniọlá wò ó títí. "Ẹnu yìí náà lo fi ń bá onílé wa jà? Ó dáa o. Wọ́n ti ń pè ọ́. Lọ."

Wọ́n sin Àjíkẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìsìn náà dára. Wòlíì wàásù lórí àwọn ibùgbé púpọ̀ tó wà nínú ilé Baba.

Sìmẹ́ńtì ojú sàréè kò tíì gbẹ tí Moyọ̀sọ́rẹ fi pè láti Èkó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló fẹ́ béèrè.

"Jùwọ́n, màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Àǹtí."

"Lọ síbo? Ha! Jésù! Ìgbà wo? O ò sì pè mí! Jùwọ́n, o ò pè mí!" Ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń sunkún. "Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

Ẹ̀gbẹ́ sàréè náà gan-an ni Jùwọ́n dúró sí. Ó yí ẹ̀yìn sí i kó tó dáhùn.

"Ìnísà ni, Àǹtí. Agbo ilé bàbá wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá ẹni kò dà bí ibòmíràn. Jẹ́ kí n wá nǹkan fi ránṣẹ́ sí ọ."

Ó fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Jùwọ́n gbà á. Òun ni ó fi ra táìlì aláwọ̀ funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú sàréè ìyá rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá máa ń yí orí wò ó.

Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹni tí kò lè bá ẹnikẹ́ni jókòó. Bí àwọn ará Ìnísà bá pè, ó bẹ̀rù kí wọ́n má béèrè ìgbà tí yóò fi òrùlé bo èyí tó kù. Bí Moyọ̀sọ́rẹ bá pè, ó bẹ̀rù kó má sọ pé òun ń bọ̀. Ẹniọlá kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tí ó bá sì di ọjọ́rọ̀, á jókòó ti táìlì náà. Òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìsìn ìrántí ni gbogbo rẹ̀ tú.

Àwọn ará Ìnísà ti dé. Wọ́n ta tápólì síwájú ilé, wọ́n to àga yí sàréè ká. Wòlíì ń gbàdúrà. Oyèdélé jókòó síwájú bí ẹni tó ni ayẹyẹ. Jùwọ́n wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bu omi fún àwọn tó ń se oúnjẹ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yà kúrò lójú títì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, ìkòkò, àga onítìmùtìmù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó sì fa arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Oyèdélé dìde. Àgbà ni, ó mọ bí a ṣe ń gba àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ wá jókòó. Ẹ bá màmá gbé àga síbi tí atẹ́gùn wà!"

"Ẹ ṣé, sà." Obìnrin náà ń wò yíká. "Kí là ń ṣe níbí?"

"Ìrántí àbúrò mi ni. Ibí yìí la sin ín sí. Ṣé ọ̀rẹ́ onílé ni yín?"

"Onílé wo, sà?"

"Onílé wa! Jùwọ́n! Ẹ má wo kékeré rẹ̀ o, ọmọ tí Ọlọ́run gbé ga ni." Bàbá náà ké sí ẹ̀yìnkùlé. "Jùwọ́n dà? Onílé wa! Wá gba àlejò rẹ!"

Jùwọ́n yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú kẹ̀tùlù lọ́wọ́. Ó rí Moyọ̀sọ́rẹ. Kẹ̀tùlù bọ́, omi dà sí i lẹ́sẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ kò wò ó. Sàréè ló ń wò. Ó ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ kan táìlì. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Jùwọ́n," ó wí. "Ibí yìí ni Ìnísà?"

Wòlíì dá àdúrà dúró.

Oyèdélé ń wo ti ọ̀tún, ó ń wo ti òsì. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Jùwọ́n, kí ni wọ́n ń wí?"

Jùwọ́n wólẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì. "Bàbá, èmi kọ́ ni mo nilé. Àwọn ni. Ẹ̀ṣọ́ ni mo ń ṣe fún wọn."

Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà rìn láti ìdí àga kan dé òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin onísùtánà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Onílé wa!" ó wí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Jùwọ́n wí. "Ilé náà ti ń ṣófo. Mo rò pé… ẹ̀yin ní púpọ̀…"

"Mo ní kí ni?"

"Ẹ ní púpọ̀, mà."

Moyọ̀sọ́rẹ na ọwọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù náà. "Wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Wò ó dáadáa. Gbogbo ohun tí mo ní láyé nìyẹn. Onílé mi ní Èkó fi owó lé owó, mi ò rí i san, ó lé mi jáde. Ayálégbé ni mí, Jùwọ́n. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti jẹ́ ayálégbé. Mi ò ní ilé ní Èkó, mi ò ní ilé ní Òkukù. Ibí nìkan ni. Tí mo bá gba owó oṣù, mo ra búlọ́ọ̀kù, mo gbàwẹ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Ilé tí mo ń kọ́ kí ìyá mi lè rí ibi sùn sí, ìyá tìrẹ ló kọ́kọ́ sùn níbẹ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ rédíò sá kúrò lẹ́nu Jùwọ́n.

Oyèdélé ni ó sọ̀rọ̀ tó dùn ún jù. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn dúró, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tí nǹkan ṣe é.

"Kí ló dé tí o kò sọ? Ìbá ṣe pé o sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, à bá gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa ni à ń fi sílẹ̀ fún un. Títí di òní ó ṣófo níbẹ̀. Ìgbà tí o ní o nílé ni a ní kí a má dójú tì ọ́."

Kí a má dójú tì ọ́. Jùwọ́n gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ń sá fún ìtìjú lójú ẹbí, ẹbí ń gba òun lọ́wọ́ ìtìjú, òun náà ń gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ìyá náà ìbá sùn sí láìsí ẹjọ́ wà nílẹ̀, ó ń dúró dè é.

"A ó hú u," Oyèdélé wí. "Kò sí bí a ṣe lè ṣe é. A ó gbé e lọ."

"Ẹ hú u," Moyọ̀sọ́rẹ wí. "Lónìí."

Àwọn géńdé tó gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́sí wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ta ló fẹ́ hú òkú bí ẹni ń hú iṣu?"

Arúgbó tí wọ́n fi síbi atẹ́gùn ni. Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ. Gbogbo ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀.

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yìí purọ́ fún mi!"

"Ó purọ́. Mo gbọ́. Òkú ló purọ́ ni? Obìnrin bíi tèmi, tí wọ́n gbé sílẹ̀, tí ó ti sinmi. O fẹ́ kí wọ́n tún kó o jáde? Èmi kò níí sùn nínú ilé tí wọ́n ti lé òkú jáde o, Moyọ̀. N ò níí sùn ún. Ẹ fi í sílẹ̀."

Jùwọ́n mọ̀ pé ìyá òun ló kọ́kọ́ pa irọ́ náà. Ó lè sọ ọ́. Bóyá ìbá fúyẹ́ díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ìdákẹ́ yẹn nìkan ni kò kábàámọ̀ nínú gbogbo ìdákẹ́ rẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ fi etí ìborùn nu ojú. "Màmá mi ló fi í sílẹ̀," ó wí. "Èmi kò tíì dé ibẹ̀. Kó ẹrù rẹ jáde, kí n lè já tèmi."

Bí ẹrù kan ṣe ń jáde ni ẹrù kejì ń wọlé. Ẹrù Jùwọ́n ló kọ́kọ́ tán.

Ará Ìnísà kò bá a jà. Wọ́n kàn ká tápólì wọn, wọ́n lọ. Oyèdélé kò pè é mọ́, àfi ìgbà kan tó ṣe àṣìṣe tẹ nọ́ńbà rẹ̀. "Ta nìyẹn?" ni bàbá náà wí. Jùwọ́n dá a lóhùn. "Ó dáa," bàbá náà wí, ó sì pa á.

Ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ojú irin. Onílé ibẹ̀ ti gbọ́. Ní Ìkìrun, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró gba ọ̀kadà. Nígbà tí àwọn ayálégbé tún lọ bá a, ó jáde sí wọn tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Agbẹnusọ yín dà? Ẹni tó fi òkú gba ilé onílé! Òun lẹ fẹ́ kó wá kọ́ mi ní òdodo?"

Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ wọn sì tú ká bẹ́ẹ̀.

Ẹniọlá ló wá sọ fún un níbi tí ó há sí, ilé ìtajà kan tí wọ́n ti pa tì. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Má wá síbi ìpàdé mọ́, Jùwọ́n."

"Ẹniọlá, ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń jà fún. Òdodo ni."

"Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé e dání."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ká páànù lórí wọn. Ẹniọlá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé ọ̀kadà, ó gba Èkó Ẹndẹ nítòsí Ìkìrun lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan. Jùwọ́n dúró lódìkejì ojú irin, ó ń wò ó. Kò lè sọdá.

Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ń ká páànù lórí tálákà kò tíì dáwọ́ dúró. Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, wọ́n ń ká a. Ẹni tí ń fi ilé ṣófo nígbà tí ọmọ aráyé ń sùn síta, ó ní ẹjọ́ tí yóò rò. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tó dúró fún wa, ó tó kí wọ́n fi gbogbo wa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a kò ní, nígbà tí a kò ní. Kì í ṣe àwa ni ó yẹ kí ojú tì.

Moyọ̀sọ́rẹ ti mọ ògiri yí ilé náà ká. Ó fi géètì sí i. Ó ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Ìkìrun, kò sì sí nílé lọ́sàn-án. Ọ̀sán ni Jùwọ́n máa ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn géètì náà, ó dúró. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni. Ó pẹ́ kí arúgbó náà tó fà á.

"Ìwọ ni? Wọlé. Má pẹ́ o, Moyọ̀ lè tètè dé."

Arúgbó náà ti sá èlùbọ́ sórí sàréè. Ó tẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ ìyá Jùwọ́n kò hàn mọ́.

"Táìlì yìí máa ń mú oòrùn dáadáa," ó wí, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. "Àárọ̀ ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ máa ń jókòó síbí. Ṣé kí n kó o kúrò?"

"Rárá, mà. Ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí i nígbà náà."

Jùwọ́n bọ́ bàtà. Ó ń wá ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ fi wà láyé, ohun tí ó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ tí ó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni "Màmi, mo ti dé." Ó fẹ́ sọ ọ́. Kò lè jáde.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ onílé, ó sì kí ìyá rẹ̀ bí àlejò ṣe ń kí onílé.

"Ẹ kú ilé o, mà."